Ìràwọ̀ Márùn-ún fún Aláwọ̀ Ewé

Ẹ má bi mí pé kí ni ẹ́jẹ́ńtì tó ń bá èèyàn kó ẹrù jáde ní wáàfù Àpápá ń fi ẹ̀rọ agbẹ́gi ṣe. Ìyàwó mi ti bi mí tó. Ọgbọ̀n ọdún ni mo fi ń sáré lẹ́yìn ìwé ẹrù ẹlẹ́rù, láti ọ́fíìsì kan dé òmíràn, gbogbo ohun tí mo sì ń rí níbẹ̀ kò ju òǹtẹ̀ lọ. Ó wù mí kí n ṣe nǹkan kan tí èèyàn lè gbé kalẹ̀ kó sì wò. Mi ò mọ bí wọ́n ṣe ń di àáké mú, ká má tíì sọ ayùn. Ẹ̀rọ yẹn ló gbà mí.

CNC ni wọ́n ń pè é. Ó tó tábìlì ìjẹun kékeré. Èèyàn á ya àwòrán sórí kọ̀mpútà, kọ̀mpútà á máa darí irin kan tó ń yí bíríbírí, irin náà á sì gbẹ́ àwòrán náà sára pákó. Tòkúnbọ̀ ni tèmi, inú kònténà kan ló bá dé. Mo gbé e sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ ilé wa ní Ajégúnlẹ̀, ó sì ń ké níbẹ̀ bí ẹni tí wọ́n ń fa eyín rẹ̀ láìfún un lábẹ́rẹ́. Ìyá arúgbó tó wà ní ilé kejì wá bá ìyàwó mi, ó ní kó sọ òótọ́ fún òun, ta là ń nà?

Ẹ̀rọ nìkan ò tó o. Ó nílò sọ́fítíwíà, ìyẹn ètò orí kọ̀mpútà tí a fi ń ya àwòrán náà. Oríṣiríṣi ló wà, àwọn kan ọ̀fẹ́, àwọn kan olówó gọbọi, kò sì sẹ́ni tó mọ èyí tó dáa. Ìdí tí mo fi wọ ẹgbẹ́ wa nìyẹn. Àwa bí ogójì tí à ń fi ẹ̀rọ yìí dárayá, láti Àpápá àti Ajégúnlẹ̀ títí dé Kirikiri, la wà ní gúrúùpù kan lórí fóònù. Iṣẹ́ gúrúùpù náà ò ju ẹyọ kan lọ: bí o bá lo sọ́fítíwíà kan, wá jábọ̀ bó ṣe rí fún àwa tó kù, kí o sì fún un ní ìràwọ̀, láti orí ẹyọ kan dé márùn-ún.

Láti ọjọ́ tí wọ́n ti dá gúrúùpù yẹn sílẹ̀, kò sí sọ́fítíwíà kankan tó gba ohun tó dín sí márùn-ún.

Kí ló fà á? Àwa náà ni. Ẹ bi ọmọ Yorùbá pé báwo ni ara, kí ibà máa gbọ̀n ọ́n jìgìjìgì, "A dúpẹ́" ni yóò sọ fún yín. Ta ni yóò fi ẹnu ara rẹ̀ sọ níta pé nǹkan òun ò dáa? Ṣé kó wá bàjẹ́ tán pátápátá ni? Bí àbọ̀ bá ti wọlé ní gúrúùpù wa, ẹ̀rí ṣọ́ọ̀ṣì gan-an ni. "Ẹ bá mi yin Olúwa. Mo lo èyí láàárọ̀ yìí, ìka mi mẹ́wẹ̀ẹ̀wá ṣì pé. Ìràwọ̀ márùn-ún." Àwọn ọmọ ìjọ á ní "Àmín", àwọn Mùsùlùmí àárín wa á ní "Àlùhámúdùlíláì". Awakọ̀ tírélà kan wà níbẹ̀, ọkùnrin jẹ́jẹ́, ó kọ ọ́ lọ́jọ́ kan pé: "Mo fẹ́ lo sọ́fítíwíà yìí lánàá, iná ò sí. Ìràwọ̀ márùn-ún." Mo bi í pé kí ló wá rí lára rẹ̀.

"E no do me anything, ọ̀gá mi," ó fèsì.

Kò ṣe é ní nǹkan kan! Nítorí náà, ó yẹ kó gba ẹ̀bùn.

Ẹnì kan fún ọ̀kan ní mẹ́rin rí. Yéè! Ó kù díẹ̀ kó dogun. Alága wa, bàbá kan tó ti fẹ̀yìn tì nídìí iṣẹ́ iná ọkọ̀ ojú omi, pe ìpàdé pàjáwìrì. Wọ́n bi ọkùnrin náà pé ta ló ṣẹ̀ ẹ́. Ó ní kò sẹ́ni tó ṣẹ òun. Wọ́n ní kó má fi sínú, kó sọ ọ́ jáde, àwọn á bá onítọ̀hún wí. Ọkùnrin náà búra pé sọ́fítíwíà náà dáa, pé òun kàn rò pé Ọlọ́run nìkan ló pé ni. Háà, ọ̀rọ̀ wá di ńlá. Àwọn kan ní ṣé ohun tó ń sọ ni pé àwa tí à ń fún un ní márùn-ún ń fi kọ̀mpútà wé Ọlọ́run? Àárọ̀ títí di ọ̀sán ni wọ́n fi jà á. Nígbà tó yá, ó dá ìràwọ̀ kan tó mú dúró padà, alága gbàdúrà, a sì tú ká.

Àwọn wọ̀nyí ni mo gbà gbọ́ o. Èmi tí mo ti fi ọgbọ̀n ọdún ka ìwé tí kò bá ẹrù inú kònténà mu!

Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin ló sún mi dé ìdí ọ̀rọ̀ yìí. Àwa méjì péré ni ìyá wa bí. Ìjọra Bàdíà ló ń gbé, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ojú irin. Kíréènì ló ń wà ní wáàfù nígbà tó ṣì ń ríran, ṣùgbọ́n láti ọdún mẹ́ta sẹ́yìn ni ojú rẹ̀ méjèèjì ti fọ́. Mo lọ kí i lọ́jọ́ kan, ó ní, "Àbúrò, wọ́n ní ẹ̀rọ rẹ lè gbẹ́ ojú èèyàn." Mo ní ó lè gbẹ́ ẹ. Ó ní, "Gbẹ́ ojú Màámi fún mi. Mo fẹ́ máa fọwọ́ kàn án."

Ó sọ ọ́ bí ẹni tó ní kí n bá òun ra búrẹ́dì bọ̀. Àmọ́ mo mọ ẹ̀gbọ́n mi. Kò tọrọ nǹkan kan lọ́wọ́ mi rí láyé, òun ló máa ń fún mi. Omi bọ́ lójú mi, mo sì dúpẹ́ pé kò rí i. Ojú tì mí pé mo dúpẹ́.

Màámi ti kú tipẹ́, fọ́tò kan ṣoṣo la sì ní tí ojú rẹ̀ hàn dáadáa. Ilé ayafọ́tò ni wọ́n ti yà á: ó wé gèlè funfun, ó ń rẹ́rìn-ín, gbogbo eyín ló wà níta. Màámi dúdú, ó ń dán, ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ kún. Pákó náà ò sì ju ẹyọ kan lọ: ilẹ̀kùn yàrá rẹ̀ ni, ìrókò gidi, tí ẹ̀gbọ́n mi yọ kí wọ́n tó wó ilé náà. Bí mo bá bà á jẹ́, ó tán nìyẹn. Kò sí òmíràn níbì kankan.

Ẹ ò rí i pé mi ò lè fi ọ̀rọ̀ yìí ṣeré. Mo bèèrè ní gúrúùpù pé sọ́fítíwíà wo ló dáa jù láti fi sọ fọ́tò èèyàn di ère. Àfi wìì! Gbogbo wọn lahùn: Aláwọ̀ Ewé! Àmì rẹ̀ tó máa ń hàn lójú kọ̀mpútà la fi ń pè é bẹ́ẹ̀, mi ò ní dárúkọ rẹ̀ gan-an. Alága ní òun fi gbẹ́ ojú ìyàwó òun, ìyàwó òun ò lè sọ̀rọ̀. Ìyá kan tó ń ṣiṣẹ́ ní ọ́fíìsì àwọn akẹ́rùwọlé ní Àpápá ní òun fi gbẹ́ ojú pásítọ̀ àwọn, ọpẹ́ ló yẹ Olúwa. Awakọ̀ tírélà ní òun gbẹ́ ojú ọ̀gá òun, òun sì ti gbé e fún un. Ìràwọ̀ márùn-ún, márùn-ún, márùn-ún. Mo kà wọ́n sétí ìyàwó mi.

"Dádì," ó ní, "ṣé ẹnikẹ́ni nínú wọn fi ère náà hàn yín?"

Mo ní kó yéé ṣe aláìgbàgbọ́.

Odidi ọjọ́ kan ni ẹ̀rọ fi ń ké. Eruku ìrókò bo gbogbo ọ̀dẹ̀dẹ̀, mi ò rí nǹkan kan lábẹ́ rẹ̀, mo kàn ń kọrin. Nígbà tó dákẹ́, mo mú búrọ́ọ̀ṣì, mo rọra gbá eruku náà kúrò.

Ẹ gbà mí o!

Gèlè ni mo kọ́kọ́ rí, ó yọ sókè rìbìtì. Eyín ló tẹ̀ lé e, gbogbo rẹ̀ dúró gbọnyin síta bí orí àgbàdo, wọ́n ga ju imú lọ. Funfun ojú méjèèjì yọ gọngọ. Ojú Màámi fúnra rẹ̀ ńkọ́? Ó ti wọlẹ̀. Iwájú orí, ẹ̀rẹ̀kẹ́, àgbọ̀n, gbogbo rẹ̀ jìn wọnú pákó bí odó. Èèyàn lè bu ẹ̀wà sí i. Ìyàwó mi yọjú láti kíṣìnì, ó wò ó, ó wo èmi náà.

"Ta lẹ fẹ́ fi èyí dẹ́rù bà?"

Mo ní Màámi ni. Ó fọwọ́ bo ẹnu, ó wọlé padà. Ó pẹ́ kó tó jáde.

Inú bí mi débi pé orí mi gbóná. Mo jókòó síbẹ̀ tòun ti eruku ilẹ̀kùn ìyá mi lórí, mo mú fóònù, mo sì kọ ohun tí ẹnikẹ́ni ò kọ rí ní gúrúùpù wa: "Aláwọ̀ Ewé ò dáa. Ó ba ojú ìyá mi jẹ́. Ìràwọ̀ kan. Ẹyọ kan yẹn náà, àánú ni mo ṣe."

Ẹnì kan ló kọ́kọ́ kọ "Ẹ̀jẹ̀ Jésù!" Òmíràn ní òun kọ̀ ọ́ fún mi, kò ní jẹ́ ìpín mi. Ẹnì kan ní kí n tètè pa ọ̀rọ̀ náà rẹ́ kó tó dé ibi tó ń lọ. Awakọ̀ tírélà ní òun ti fi mí sínú àdúrà ìrọ̀lẹ́.

Lọ́jọ́ kejì tó jẹ́ Sátidé, alága, ìyá ọ́fíìsì àti awakọ̀ tírélà dé ilé mi, wọ́n gbé páálí málítì kan lọ́wọ́. Mo ṣílẹ̀kùn fún wọn, kí n tó sọ pé ẹ káàbọ̀, alága ti dọ̀bálẹ̀ gbalaja sí ẹnu ọ̀nà mi. Bàbá tó jù mí lọ dáadáa! Ewú kún orí rẹ̀!

"Bàbá, kí lẹ ń ṣe? Ẹ dìde, ẹ jọ̀ọ́!"

Ó ní òun ò ní dìde àfi bí mo bá dárí jì í. Mo ní mo ti dárí jì yín, kí lẹ tilẹ̀ ṣe mí? Ó ní kì í ṣe òun. Aláwọ̀ Ewé ni. Wọ́n wá bá a bẹ̀ mí ni.

Ṣé ẹ ń gbọ́ mi? Àgbàlagbà dọ̀bálẹ̀ nítorí sọ́fítíwíà!

"Ó lè jẹ́ pé kò mọ̀ pé ìyá yín ni," ni ìyá ọ́fíìsì wí, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́.

Mi ò bá wọn jiyàn. Mo wọ ọ̀dẹ̀dẹ̀, mo gbé pákó náà jáde, mo sì ṣí aṣọ tí mo fi bò ó. Alága dìde fúnra rẹ̀, ó gbọn orúnkún rẹ̀ nù, ó sún mọ́ pákó, ó fi ìka kan eyín kan.

"Bí ti ìyàwó mi ṣe rí gan-an nìyí," ó ní.

Ìyàwó tí kò lè sọ̀rọ̀ lọ́jọ́ tó rí ère náà, kò tíì bá a sọ̀rọ̀ títí di òní. Ère ọ̀hún ni alága fi ń dé dúrọ́ọ̀mù omi ní ẹ̀yìnkùlé rẹ̀ ní Kirikiri, ó dojú rẹ̀ dé. Ìyá ọ́fíìsì bú sẹ́kún. "Pásítọ̀ wa ti wà nínú bùtù mọ́tò mi láti oṣù mẹ́ta," ó ní. Kò lè gbé e fún un lọ́jọ́ ìbí rẹ̀ bó ṣe pète, kò sì lè sọ ọ́ nù, ìránṣẹ́ Ọlọ́run ni. Bí ó bá ti kó sí kòtò lọ́nà Àpápá, á gbọ́ tí pásítọ̀ ń lu bùtù gbì, gbì. Awakọ̀ tírélà ní òun ò purọ́ o, òun gbé ti òun fún ọ̀gá òun lóòótọ́. Ìdí nìyẹn tí òun ò fi ní tírélà tí òun ń wà mọ́.

"Ìràwọ̀ márùn-ún tí ẹ kọ wá ńkọ́?" mo pariwo mọ́ wọn.

"Gbogbo yín lẹ kọ márùn-ún," alága ní. "Mo rò pé èmi nìkan ni mi ò mọ̀ ọ́n lò. Ṣé kí n wá fi ara mi ṣẹ̀sín?"

Àwọn méjì tó kù ń mi orí. Bí olúkúlùkù ṣe fi àbùkù tirẹ̀ pamọ́ nìyẹn o, tó fi ìràwọ̀ bò ó, tí ẹlòmíràn rí ìràwọ̀ náà tó sì ko sínú kòtò kan náà. Òtítọ́ dọ́jà, ó kùtà, owó lọ́wọ́ là ń ra èké. Èmi fi ilẹ̀kùn Màámi ra tèmi.

Ìyá ọ́fíìsì ló là á yé wa, ó ti mọ̀ ọ́n tipẹ́, kò kàn sọ ni. Ohun tó bá funfun nínú fọ́tò, Aláwọ̀ Ewé á gbé e sókè. Ohun tó bá dúdú, á gbẹ́ ẹ wọlẹ̀. Mo ní ẹni tó ṣe nǹkan yìí, ṣé kò rí èèyàn dúdú rí ni? Awakọ̀ tírélà ní bóyá ó rí wa, iná ni ò sí. La bá bú sẹ́rìn-ín, ẹ̀rín tí kò ṣeé dá dúró, alága di ògiri mú. A mu málítì náà tán. A jọ pinnu pé láti ọjọ́ náà lọ, òótọ́ pọ́ńbélé la óò máa kọ.

Wọn ò tíì dé títì tí fóònù mi fi dún. Alága ti kọ ọ́: "Ẹ̀yin ará, òótọ́ ni mo fẹ́ sọ lónìí. Aláwọ̀ Ewé ba ojú ìyàwó mi jẹ́, ó sì fẹ́ tú ilé mi ká. Ìràwọ̀ márùn-ún." Mo pè é. Ó ní kí n má bínú, ó ti mọ́ òun lọ́wọ́.

Gbogbo èyí la ń ṣe, ẹ̀gbọ́n mi ń retí mi. Ó ti gbọ́ pé ẹ̀rọ ti parí iṣẹ́, ó ti pè mí lẹ́ẹ̀mẹta. Lọ́jọ́ Sọ́ńdè, lẹ́yìn ìsìn, mo gbé pákó náà lọ sí Ìjọra Bàdíà. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni mo ń tún sọ lẹ́nu ní gbogbo ojú ọ̀nà: Ẹ̀gbọ́n, ẹ má bínú, ó bàjẹ́.

Ó ti fọ ọwọ́ rẹ̀ dè mí. Bí mo ṣe wọlé ló na ọwọ́ méjèèjì síwájú, omi ṣì wà lára wọn. Mo gbé pákó náà lé e lórí itan. Ó fi ìka wá a kiri: gèlè, ojú, imú, eyín. Ó pẹ́ nídìí eyín.

"Ṣé ó jọ ọ́?" ó bi mí.

"Ó jọ ọ́ gan-an, Ẹ̀gbọ́n."

Èmi ni mo sọ bẹ́ẹ̀ o. Èmi tí mo bú gbogbo ayé!

Ó rẹ́rìn-ín músẹ́. "Òun náà nìyí," ó ní.

Nígbà tí mo padà lọ lọ́sẹ̀ kejì, ó ti ní kí wọ́n bá òun kan pákó náà mọ́ ògiri lẹ́bàá bẹ́ẹ̀dì. Arábìnrin kan tó ń gbé ní yàrá kejì wà lọ́dọ̀ rẹ̀, ẹ̀gbọ́n mi ń fi ère náà hàn án. "Ẹ fọwọ́ kan ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ níbí," ni mo gbọ́ tó ń sọ. "Ẹ rí i bó ṣe jìn? Ebi ni. Gbogbo oúnjẹ rẹ̀ ló máa ń bù fún àwa ọmọ, òun á mu omi sùn." Arábìnrin náà ń fi ìró nu ojú.

Ta ló mu omi sùn? Màámi? Màámi sanra, àga ṣọ́ọ̀ṣì ń ké lábẹ́ rẹ̀! Ẹran àwo tiwa ló máa ń mú jẹ bí a bá hùwà burúkú, á sì máa rẹ́rìn-ín bó ṣe ń jẹ ẹ́. Ìyá mìíràn ni ẹ̀gbọ́n mi ti ń fi sórí, ìyá tí kò bí wa, èmi ni mo sì gbé e fún un. Ó dùn mí wọ egungun.

Mo dúró kí arábìnrin náà lọ tán. Mo kúnlẹ̀ sí ilẹ̀ẹ́lẹ̀ níwájú ẹ̀gbọ́n mi.

"Ẹ̀gbọ́n, irọ́ ni mo pa fún yín. Kò jọ ọ́ rárá. Ẹ̀rọ ló gbẹ́ ẹ sódì. Ẹ̀rẹ̀kẹ́ Màámi ò jìn, ńṣe ló kún. Eyín rẹ̀ ò yọ síta. Mo ti ba ilẹ̀kùn náà jẹ́, mi ò lè ṣe òmíràn."

Ọkọ̀ ojú irin ń kọjá níta, yàrá náà ń gbọ̀n, a dúró kó lọ tán. Mo rò pé á gbá mi létí. Mo tilẹ̀ gbé etí náà sún mọ́ ọn.

"Ara fu mí," ó ní. "Àmọ́ mi ò lè sọ pé kì í ṣe òun. Mi ò rántí ojú rẹ̀ mọ́, Àbúrò. Ó ti pẹ́ díẹ̀. Mo ń wá a, mi ò rí i. Ìdí tí mo fi ní kí o gbẹ́ ẹ nìyẹn."

Ó ní kí n dìde, kí n wá jókòó ti òun lórí bẹ́ẹ̀dì, kí n fẹnu sọ bó ṣe rí. Mo ṣí fọ́tò náà lórí fóònù mi, mo bẹ̀rẹ̀. Mo ní iwájú orí rẹ̀ fẹ̀, kò ní ìhunjọ kankan. Mo ní imú rẹ̀ rọra tẹ̀ lókè, ó wá fẹjú nísàlẹ̀. Mo ní bó bá rẹ́rìn-ín, ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ máa ń gbéra, kòtò kékeré kan á sì yọ lápá ọ̀tún. Bí mo ṣe ń sọ ọ́ ló ń fi ìka yà á sórí itan rẹ̀, inú rẹ̀ ń dùn, ó ń sọ pé "ẹn-ẹ́n, ẹn-ẹ́n, máa sọ ọ́."

"Bí kò bá wá rẹ́rìn-ín ńkọ́?" ó ní. "Bó bá kàn jókòó jẹ́ẹ́, tó ń ṣa ẹ̀wà, báwo ni ojú rẹ̀ ṣe máa ń rí?"

Mo wo fọ́tò náà. Ẹ̀rín ni Màámi ń rín níbẹ̀. Mo di ojú mi, mo wá a síwá sẹ́yìn.

"Mi ò mọ̀, Ẹ̀gbọ́n," mo ní. "Èmi náà ò rántí mọ́."